Ta Ni Yóò Máa Gbọ́ Màmá Màrdíyyàh?

Alága wa, Ọ̀gá Israel, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìdajì àwọn tó jókòó síbí ní ìwé kíkà, tí ẹ sì na ìdajì tó kù, mo kí yín, sà. Aṣojú Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Fadá wa, Àlùfáà wa, ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá gbàdúrà fún àwọn àgbà inú ilé yìí láì bèèrè ta ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni ti mọ́ṣáláṣí, ẹ kú ìjókòó. Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá mi, ọmọdé lọ́jọ́ orí, àgbà lẹ́nu iṣẹ́, mo júbà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin alásè, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ aṣọ tí ẹlòmíràn ò ní lè fi ojú wò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó mi, Christiana, ọmọ Ìwàrò-Ọ̀kà, mo rí ọ. Ẹ̀yin àgbà wa tí wọ́n gbé jókòó síwájú lórí àga onítáyà, ẹ̀yin gan-an lẹ ni ilé yìí. Àlejò yín ni gbogbo àwa tó kù. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ̀rù ń bà mí.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe báyìí ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdágbére. Ẹni tó ń fẹ̀yìn tì máa ń sọ pé inú òun dùn, pé òun ti sá eré náà dópin. Inú tèmi náà dùn díẹ̀, n ò ní purọ́ níwájú Fadá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Mátírọ́ọ̀nù ti sọ fún mi pé àkókò mi ti tó, oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ mọ́. Christiana, ìyá Ìbíyínká ọmọ mi, ní ibà ni, ó ń se ewé fún mi mu. Mo mu ún. Kì í ṣe ibà. Ẹ̀rù ni, ẹ ó sì gbọ́ ìdí rẹ̀ kí n tó jókòó.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí, Pius ni mí, ọmọ Àrìgìdì. Ìkàrẹ́ yìí ni mo ti ṣiṣẹ́, Ọ̀kà ni mo ti fẹ́yàwó, Ọ̀kà náà ni mo kọ́lé sí, torí ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ Ọ̀kà tó ní òun ò ní gbé Ọ̀kà, ẹ bi í bóyá ó ń rí oorun sùn. Iléèwé girama ni mo kà mọ. Ìṣirò ni kò jẹ́ kí n kọjá ibẹ̀. Alága, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìṣirò náà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé yìí, ilẹ̀ ni mo ń nù. Mo rò nígbà náà pé iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ò ju kí ènìyàn ṣáà ní àánú lọ. Àánú! Ẹ̀yin èèyàn mi, àánú nìkan ti pa àgbà rí. Ṣé kì í ṣe àánú ló ń jẹ́ kí a máa fi ṣíbí bọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì lè gbé ṣíbí, títí ọwọ́ náà yóò fi gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀? Ṣé kì í ṣe àánú ló ń jẹ́ kí ọmọ rọ ògì sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ní ìdùbúlẹ̀, pé kí Màmá má ṣe wàhálà àtidìde, kí ògì náà sì gba ibi tí kò yẹ kó gbà? Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ibì kan náà ni wọ́n ti yà.

Ẹni tó là mí lójú ni Nọ́ọ̀sì Safurat, tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú mi. Òun ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn, tó ń díbọ́n pé òun ò gbọ́ orúkọ òun. Lọ́jọ́ kan ó rí mi tí mo já wọ yàrá bàbá kan. Ó ní, "Pius, kan ilẹ̀kùn kó o tó wọlé. Yàrá ẹni nìyẹn, kì í ṣe àká iṣu." Mo ní, "Àǹtí, Bàbá yìí kì í kúkú gbọ́ràn." Ó ní, "Ìwọ tó yẹ kó o kan ilẹ̀kùn ńkọ́? Ṣé ìwọ náà ò gbọ́ràn ni?" Láti ọjọ́ náà, mo ń kan ilẹ̀kùn. Mo ń kan ilẹ̀kùn ilé tèmi gan-an, ìyàwó mi rò pé mo ti fẹ́ ya wèrè.

Safurat ló kọ́ mi pé kí n kí àgbà kí n tó fọwọ́ kàn án. Kí n bo ibi tí n ò wẹ̀ nígbà tí mo bá ń wẹ ibi kejì, torí pé ara lè gbó, ìtìjú kì í gbó. Kí n máa yí ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, kí n yẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ wò, kí n yẹ ìdí rẹ̀ wò, torí egbò ìdùbúlẹ̀ kì í pariwo kó tó dé. Kí n má fi omi sílẹ̀ lórí tábìlì kí n sì sọ pé mo ti fún un lómi. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ò tó tábìlì, aṣálẹ̀ ló wà. Ó ní bí àgbà tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa lánàá bá ṣàdédé ń sọ ìsọkúsọ lónìí, kí n má ṣe sọ pé ogbó ti dé. Kí n wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná, kí n wo àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀, kí n pe nọ́ọ̀sì. "Ogbó kì í dé ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo, Pius. Ohun tó bá dé ní òwúrọ̀ kan, àìsàn ni." Àǹtí, mi ò gbàgbé. Ẹ ṣé.

Gbogbo èyí ni mo fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó wá lẹ́yìn mi, wọ́n sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ báyìí. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, mi ò bá ti jó wọ inú gbọ̀ngàn yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ọ̀gá ni mí nínú ẹ̀rù bíbà, pàápàá ẹ̀rù ọmọ. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún mi. Ìbíyínká wà ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ tí mo ṣe níbí ló ń ṣe níbẹ̀, ó ń tọ́jú àgbà. Olúyọmí àbúrò rẹ̀ wà ní Èkó. Òun ló wá bá mi ṣe ayẹyẹ òní. Wọ́n ní bí ọmọ bá ti dàgbà, òbí á sinmi. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ mú onítọ̀hún wá. Nígbà tí wọ́n kéré, bí wọ́n bá ṣubú nínú àgbàlá, mo gbọ́ ìró rẹ̀. Ní báyìí, bí wọ́n bá ṣubú níbi tí wọ́n wà, ta ni yóò sọ fún mi? Bí òjò bá rọ̀ ní Èkó, mo pè. Bí rédíò bá ní yìnyín bọ́ lókè òkun, mo pè. Ìbíyínká á ní, "Dádì, Skọ́tílàǹdì ni yìnyín ti bọ́, mi ò sí níbẹ̀." Màá ní, "Ṣé ibẹ̀ jìnnà sí ọ dáadáa ṣá?"

Lọ́dún tó kọjá, Olúyọmí ò gbé fóònù. Mo pè é láàárọ̀, kò gbé e. Mo pè é lọ́sàn-án, obìnrin inú ẹ̀rọ yẹn ló ń dá mi lóhùn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkàn mi ti kan pósí, ó ti yan ẹni tí yóò gbé e. Mo gba ààyè lọ́wọ́ Mátírọ́ọ̀nù, mo wọ mọ́tò lọ sí Èkó. Mo bá ọmọ mi níbi tó ti ń jẹ ìrẹsì. Fóònù rẹ̀ ló bọ́ sómi. Ó ní, "Dádì, kí lẹ wá ṣe?" Kí ni mo wá ṣe! Mo fa àga, èmi náà jẹ ìrẹsì. Mi ò wá padà lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí n kúkú lo ọ̀sẹ̀ náà tán, kí n rí i pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì dáadáa.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín tán. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ níbí.

Màmá Màrdíyyàh nìyí níwájú mi, ẹni tó wé gèlè aláwọ̀ ewé, tó ń wo fáànù. Ọmọ Àrìgìdì ni, bíi tèmi. Òwò ló ṣe títí dé Kàdúná, ibẹ̀ ló bí Màrdíyyàh sí. Nígbà tó ṣì lágbára, Haúsá ló fi ń ná ọjà, Yorùbá ló fi ń bá àwọn ará ìlú tàkúrọ̀sọ, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí àìsàn ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀, Haúsá ló kọ́kọ́ lọ. Yorùbá náà wá ń jò dànù díẹ̀díẹ̀, bí omi inú ìkòkò tó sán. Èyí tó kù sí ìsàlẹ̀ ni èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ìlú tó jẹ́ pé Yorùbá nìkan ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀ yìí lè ṣàjèjì sí yín. Ní Àkókó tiwa, ènìyàn lè rin ìrìn kékeré kúrò ní Ìkàrẹ́ kó dé ibi tí wọn ò ti ní gbọ́ ohun tó bá sọ lójú àlá. Ní Àrìgìdì, ní Ìṣùà, ní Sósàn, aṣọ tí à ń wọ̀ jáde ni Yorùbá jẹ́ fún wa; èdè ilé wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ara bá sì ti ń rẹ àgbà, ṣé ẹ mọ̀ pé aṣọ òde ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀?

Èmi nìkan ni mo ń gbọ́ èdè náà nínú ilé yìí. Mi ò tilẹ̀ kà á sí nǹkan kan. Bí mo bá ń kọjá, màá bi Màmá pé báwo ni, á ní ẹ̀gbẹ́ yìí ń ro òun, màá yí i, ó parí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Èmi gan-an ò mọ̀.

Nígbà tí mo wà ní Èkó tí mo ń dán kọ́kọ́rọ́ Olúyọmí wò, ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dun Màmá. Kò dákẹ́ o. Ó sọ ọ́. Ó sọ ọ́ lédè wa pé ó ń dun òun. Ọ̀rọ̀ yẹn, létí ẹni tí kò gbọ́ ọ, ó jọ orúkọ ọkùnrin. Mi ò ní pè é lórí ẹ̀rọ yìí, ẹ ó sọ ọ́ di àwàdà. Nọ́ọ̀sì Success ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ dáadáa, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Ó rò pé ẹnì kan ni Màmá ń pè, bóyá ọmọ, bóyá ọkọ tó ti kú. Ó di Màmá lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ó ń bọ̀, Màmá mi. Ó ti wà lójú ọ̀nà." Màmá tún sọ ọ́. Success ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Kò ní pẹ́ dé." Alásè gbé oúnjẹ wọlé, òun náà gbọ́ orúkọ, òun náà ní ó ń bọ̀. Wọ́n tilẹ̀ wá rò ó pé ó yẹ kí Màmá máa rí ẹnu ọ̀nà, kó lè tètè rí ẹni tó ń retí. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ tí ojú rẹ̀ á fi kọ sí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń tẹ́ ẹ lé jù. Ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ló ń dùn ún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fi ara yín sípò rẹ̀. Ó ń dùn ọ́. O ń sọ pé ó ń dùn ọ́. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn rẹ yí ọ ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ, wọ́n ń sọ pé: ó ń bọ̀, ó ń bọ̀.

Ọ̀nà àbáwọlé ni mo wà tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Báàgì mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Success sáré pàdé mi, "Bàbá Ìbíyínká, ẹ káàbọ̀ o, ta lẹni tí Màmá ń pè ná? Gbogbo ìgbà ni." Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo kí Màmá, mo ṣí aṣọ. Àwọ̀ ò tíì bó, ṣùgbọ́n ó ti ṣú, abẹ́ àwọ̀ ni ó ti ń jẹ lọ. Nígbà tí ó fi bẹ́, ihò tó ṣí síbẹ̀, mi ò fẹ́ sọ bó ṣe jìn tó níwájú àwọn tó ń jẹun. Oṣù lórí oṣù la fi tọ́jú rẹ̀. Ó jinná, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Success yìí náà ló ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ títí ó fi jinná.

Success, má sunkún. Mi ò sọ ọ́ láti dójú tì ọ́. Bí wọ́n bá ní kí n yan ẹni tí n ó fi ara ogbó mi lé lọ́wọ́, ìwọ ni n ó yàn. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn gan-an! Bó bá jẹ́ òṣìkà ló ṣe é, à bá lé e lọ, kí á lọ sùn. Ìfẹ́ ló ṣe é. Kí la ó lé lọ? Ẹ̀bi tó wà ńbẹ̀, tèmi ni, èmi tí mo sá tọ ẹni tó ń jẹ ìrẹsì lọ láì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀rọ̀ gidi ni ẹ máa gbọ́ lẹ́nu Màmá o, kì í ṣe wótowòto.

Lẹ́yìn náà, mo kọ́ wọn ní ìwọ̀nba tí mo lè kọ́ wọn. Success mọ "ó ń dùn mí", ó mọ "omi". Ó gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ta ni ènìyàn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ju méjì lọ? Láìpẹ́ yìí Màmá lá àlá kan, ó ń sọ ọ́ fún Success pé òun rí ìyá òun, ẹ̀rù sì ń ba òun. Success gbé omi wá. Màmá wo omi náà, ó wo Success, ó mu ún nítorí ọ̀wọ̀. Màrdíyyàh fúnra rẹ̀, Haúsá àti Yorùbá ló gbọ́. Bó bá pè láti Kàdúná, a ó gbé fóònù sí Màmá létí, wọ́n á jọ sunkún, wọ́n á gé e.

Lọ́la, mi ò ní sí níbí. Ta ni yóò máa gbọ́ Màmá?

Mátírọ́ọ̀nù ti fún mi láàyè pé kí n máa wá kí i. Mo dúpẹ́, màá wá. Ṣùgbọ́n orúnkún mi yìí ń dún bí ilẹ̀kùn tó nílò epo, ọ̀nà Ìwàrò sí ibí sì ní òkè. Ọjọ́ tí mo bá wá, ó dáa. Ọjọ́ tí mi ò wá ńkọ́? Ṣé ìrora mọ ọjọ́ àbẹ̀wò ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, kí ó má wà nínú mi. Bí mo bá ń wo Màmá, ara mi ni mò ń wò. Yorùbá tí mò ń sọ sí yín yìí, mo kọ́ ọ ni. Lọ́jọ́ kan, èmi náà lè bọ́ aṣọ òde sílẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ mi? Christiana ò gbọ́ Àrìgìdì, àfi èébú. Èyí ló yá a lára láti kọ́. Nígbà tí a bí àwọn ọmọ, èmi ni mo ní kí a má sọ ọ́ sí wọn. Mo ní Yorùbá àti gẹ̀ẹ́sì ni, kí wọ́n má bàa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ní iléèwé bí wọ́n ti fi mí ṣe. Ẹ rí i pé ẹ̀rù náà ni, kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kàwé, wọ́n yege, wọn ò sì gbọ́ bàbá wọn.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí òkété bá ní ebi ń pa òun, tí ọmọ ò sì gbọ́ èdè òkété ńkọ́?

Olúyọmí, gbé fóònù yẹn sókè kí ẹ̀gbọ́n rẹ lè rí mi. Ìbíyínká, ṣé ò ń gbọ́? Ó ní òun ń gbọ́, àwòrán ló dúró. Kò burú, ohùn náà tó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ yìí sọ fún mi pé ìyá àgbà kan wà níbi iṣẹ́ òun, ará Ítálì, tó ti dé Ìlú Ọba láti ìgbà ọ̀dọ́, tí gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti lọ pátápátá. Àwọn yòókù ní ìyá náà ń sọ kántankàntan. Ìbíyínká ní òun ò gbà, òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Màmá Màrdíyyàh lẹ́nu bàbá òun. Ó lọ kọ́ èdè Ítálì lórí fóònù. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó ń dùn mí. Ó mọ òùngbẹ ń gbẹ mí. Ó mọ ẹ má fi mí sílẹ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò ó fún gbogbo Ìwàrò. Ìgbà tí mo jókòó tán níta ilé ni àyà mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ọmọ mi lè gbọ́ "ẹ má fi mí sílẹ̀" lẹ́nu ará Ítálì. Bí bàbá rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Àrìgìdì, yóò ní, "Ó ń bọ̀, Dádì."

Ìbíyínká, mi ò bá ọ wí. Mò ń sọ fún ọ ni, nígbà tí mo ṣì lè sọ ọ́ lédè tí o gbọ́.

Mo rí agogo ńlá tí ẹ dì sínú bébà níbẹ̀ yẹn, tí ẹ fẹ́ fún mi. Ẹ ṣé, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń tọrọ ju agogo lọ. Mátírọ́ọ̀nù, bí ẹbí kan bá mú àgbà wá, ẹ má bi wọ́n bóyá ó gbọ́ Yorùbá. Gbogbo wa la máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni; ìtìjú kì í jẹ́ ká sọ òdì kejì. Ẹ bi wọ́n pé: èdè wo ni ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún? Kí ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ kí ẹ tó wá ibùsùn. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò gba ipò mi, ẹ má wo ìwé rẹ̀ nìkan.

Ẹ jọ̀ọ́, nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹni tó bá gbọ́ Àrìgìdì, kó na ọwọ́ sókè.

Ẹ má tijú.

Kò sí. Mo ti wò yíká. Kò sí. Ẹ rí ohun tí mò ń wí.

Ó dáa. Fadá, Àlùfáà, ẹ fún mi láàyè. Mo fẹ́ gbàdúrà fún Màmá àti fún gbogbo yín, èdè ilé wa ni n ó sì fi gbà á. Ẹni tí kò bá gbọ́, kó jókòó jẹ́ẹ́, kó mọ bó ṣe ń rí lára.

Mo ti gbà á tán. Mo rí ojú yín. Ẹ ń wo ara yín, ẹ ò mọ ibi tí ẹ ó ti ṣe àmín, ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá èpè ni mò ń ṣẹ́. Bí ó ti ń rí fún Màmá nìyẹn, láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ẹnì kan ṣe àmín. Kì í ṣe Màmá. Ohùn ọkùnrin ni, láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, ó sì ṣe é níbi tó yẹ. Ó tún rẹ́rìn-ín níbi tí mo ti ní kí Ọlọ́run fún àwọn alásè wa ní ọwọ́ tó wúwo nínú ẹran. Ta ni? Raheem? Raheem akọ̀wé, tó ń fi gẹ̀ẹ́sì dá gbogbo wa lóhùn ní ọ́fíìsì, tó ní ọmọ Ìlọrin lòun?

Dìde. Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè, ẹ̀rù tèmi ti tó, má fi tìrẹ kún un. Ó ní Ìlọrin ni bàbá òun ti wá lóòótọ́. Ó ní ìyá tó bí ìyá òun ló tọ́ òun ní Àrìgìdì. Kí ló dé tí o ò na ọwọ́? Ó ní wọ́n máa ń pe òun ní ará oko nítorí rẹ̀ ní iléèwé, sà. Ọmọ mi, wọ́n pe èmi náà bẹ́ẹ̀. Mo gbà fún wọn, mo fi èdè mi pamọ́ kí àwọn ọmọ mi má bàa gbọ́ ọ. O ti rí ibi tó bá mi dé. O ò wọ wọ́ọ̀dù rí láti ọjọ́ tó o ti dé? Ó ní iṣẹ́ òun ò dé ibẹ̀. Ṣé wàá máa kọjá lọ́dọ̀ Màmá kó o tó ṣí ọ́fíìsì? Ó ní òun á máa kọjá. Mátírọ́ọ̀nù, ẹ gbọ́? Mátírọ́ọ̀nù mi orí.

Rárá, Raheem, má tíì jókòó. Wá síwájú báyìí. Kúnlẹ̀ kí ojú rẹ àti ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé, ó ti ń wo òkè jù. Kí i ná. Bi í pé kí ló ń ṣe é.

Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin èèyàn. Ẹ bá wa pa fáànù yẹn.

Ẹ wo Màmá. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ lórí Raheem.

Ó ti sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò ní túmọ̀ rẹ̀, lẹ́nu Raheem ni mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ ọ. Raheem, kí ló wí? Má fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní Màmá ní ta ni ọkùnrin tó ń pariwo yìí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kó jókòó, ó ti pẹ́ jù, ìdí ti ń ro òun.

Ẹ gbọ́! Kò dá mi mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìdí ń ro ó, ẹlòmíràn sì gbọ́. Success, mú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Raheem, sọ fún un kí ẹ tó fọwọ́ kàn án pé ẹ fẹ́ yí i. Ẹ ṣe é jẹ́jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yára súre. Ẹ̀rù ò tíì tán nínú mi, mi ò ní parọ́ pé ó ti tán. Ẹnì kan ṣoṣo ni Raheem, àwa tó ń gbó sì pọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á gbó sí àárín àwọn tí kò ní gbọ́ wa. Kí ọmọ wa tó wà nílé àti èyí tó wà lẹ́yìn odi má ṣubú níbi tí a ò ti ní gbọ́ ìró rẹ̀. Kí ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àgbà má rọ, kí ẹni tí yóò tọ́jú ẹ̀yin náà ti máa dàgbà bọ̀ níbi tó wà. Ìbíyínká, Olúyọmí, n ó pè yín bí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e.

Màmá ní kí n jókòó. Ẹ ṣé o.